Kwara Tí À Ń Gbé Tí A Ò Mọ̀

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ pàápàá, mo ní ìbéèrè kan. Nígbà wo lẹ rìnrìn àjò gbẹ̀yìn nínú ìpínlẹ̀ Kwara yìí, tí kì í ṣe ti òkú, tí kì í ṣe ti ìgbéyàwó, tí kì í sì í ṣe pé ẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Àbújá? Púpọ̀ nínú wa ló ń gbé Ìlọrin bí ẹni tó wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ wa lè dárúkọ afárá tó wà ní London fún yín. Ẹ bi wọ́n léèrè afárá Jẹ́bà, wọ́n á ní ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja yẹn ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára torí pé àwa ará Kwara, ẹnu méjì ni wọ́n fi ń pè wá. Bí a bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní ará Òkè Ọya ni wá. Bí a bá dé Kàdúná, wọ́n á ní Yorùbá ni wá, ká lọ jókòó. Bí a ò bá mọ ilé ara wa, orúkọ tí aráyé bá fún wa náà la ó máa jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni ìjọba Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiwa, kó tó di Kwara, orúkọ tí àwọn aládùúgbò wa ní àríwá ń pe Odò Ọya. Ilẹ̀ náà tóbi nígbà yẹn. Lọ́kọ́ja tiwa ni, Kàbbà tiwa ni, Ìdáh tiwa ni, ìdídò Káínjì gan-an tiwa ni. Ní 1976 wọ́n yọ ilẹ̀ Ígálà sí Benue. Ní 1991 wọ́n fi apá Kàbbà àti Lọ́kọ́ja kún un, wọ́n dá Kogi sílẹ̀, wọ́n sì fa apá kan Bọ̀rgú lé ìpínlẹ̀ Niger lọ́wọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ní Kwara ni wọ́n sùn, Kogi ni wọ́n jí sí. À ń fi ṣẹ̀rín báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti kọ́lé sí Ìlọrin tí wọ́n wá ní kó máa lọ sí Lọ́kọ́ja.

Ìlọrin tí a wà yìí náà ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ti dé agbo ilé Asájú ní Ìdí-Àpé, láti wo òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin, èyí tí wọ́n ní ó fún ìlú lórúkọ? Àárín ìlú ló wà o. Àwọn kan ń rò pé ìtàn Àfọ̀njá àti Àlímì, ti àwọn mùsùlùmí ni, kò kàn wá. Ó kàn wá. Àwọn amọ̀kòkò ìlú yìí àti àwọn tó ń hun aṣọ òkè kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ta ọjà fún un, àwa náà là ń fi aṣọ wọn ṣègbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Ẹ̀sìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ ère báyìí, àwọn kan ti ń wojú mi. Ẹ ní sùúrù. Ní 1933, ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, tó ń bẹ ilé-ìwé wò fún ìjọ CMS, dé ìlú náà, ó sì ròyìn ohun tó rí fún àwọn òyìnbó ìjọba. Àwọn ará ìlú kúkú ti mọ̀ nípa rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ère òkúta ni, wọ́n lé ní 800, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n jókòó sórí àpótí. Òmíràn di idà mú, òmíràn di irun olówó iyebíye, wọ́n kọ ilà sójú. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, irú èyí tí ọ̀bẹ ń gbà lára. Ìtàn tí wọ́n ń pa nílùú ni pé àlejò kan ló wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, ni wọ́n bá di òkúta. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ifẹ̀. Ẹ̀sìẹ́ ni.

Ṣé ó yẹ kí Kristẹni lọ wò ó? Lójú tèmi, ó yẹ. Wíwò yàtọ̀ sí bíbọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ère náà ló ti kán lórí, mi ò sì gbà pé ìgbàgbọ́ wa á lágbára sí i bí èyí tó kù bá kán. Jóṣúà ní kí wọ́n to òkúta 12 jọ láti inú Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ tí a ò mú dé ibi kankan, kí ló fẹ́ béèrè?

Nípa ìṣàn omi Ọ̀wù ní Ọ̀wá-Kájọlà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Omi náà ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó mítà 100, ó sì ń tutù bí yìnyín. Ẹ má dá lọ o. Àwọn ajínigbé ti da igbó Ìfẹ́lódùn rú láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ̀rù kò jẹ́ ká dé ilé ara wa mọ́, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Jẹ́bà ló wù mí jù. Lugard fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó kó lọ sí Zungeru ní 1902. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé ibẹ̀ ní 1909, wọ́n sì parí afárá orí Ọya ní 1916. Òkúta ìrántí Mungo Park àti Richard Lander náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí a kì í sọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring tí Dókítà Baikie jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kọlu àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà, ó rì. Ta ló wà nínú rẹ̀? Samuel Àjàyí Crowther tiwa, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí. Wọ́n pàgọ́ sétí odò. Glover tó padà di gómìnà Èkó wà pẹ̀lú wọn, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Èkó. Crowther ní tirẹ̀ kò fi èdè Nupe sílẹ̀. Ní 1864, ọdún tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Nupe tó kọ jáde.

Odò kan náà ló gbé àwọn míì wá. Ní 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gúnlẹ̀ sí Èkó: Gowans, Kent àti Bingham. Kó tó di ìparí 1894, Gowans àti Kent ti kú sínú ilẹ̀ àríwá, Bingham nìkan ló padà sílé láàyè. Ó tún gbìyànjú ní 1900, àìsàn dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí i: àwọn tí wọ́n rán wá dá ibùdó sílẹ̀ ní Pàtígi ní 1902. Ará Kwara, Pàtígi tiwa yìí ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó di ìjọ ECWA lónìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Banfield, ọ̀kan nínú wọn, padà wá ní 1905, ó dúró sí Ṣọ́ńgà, ibẹ̀ ni ìjọ UMCA ti ṣẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí abúlé létí odò, níbẹ̀ ló sì ti tẹ apá kìíní ìwé atúmọ̀ èdè Nupe rẹ̀ jáde ní 1914, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ti Crowther. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ Ṣọ́ńgà, oko àwọn àgbẹ̀ òyìnbó tó wá láti Zimbabwe ni àwọn èèyàn ń rántí. Kò burú, oko náà dára. Àmọ́ ìwé ló ṣáájú oko ńbẹ̀.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá nínú ìjọ yìí ní àwọn ará tó jẹ́ Nupe láàárín wa, a sì máa ń kí wọn bí àlejò. Ta ni àlejò nínú wọn àti àwa?

A fẹ́ lọ sí Pàtígi nígbà tí wọ́n bá ṣe eré ìje ọkọ̀ ojú omi wọn, a ó sì yà ní Ṣọ́ńgà bí ọ̀nà bá dára. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Kí oníkálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání. Ẹja nìkan la ó rà lọ́hùn-ún.