Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀: Bí a ṣe ń mọ ọtí tí ó bàjẹ́

Lára àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ tí a hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn kan wà tí a ti fi ṣùkù àgbàdo yí lára nígbà tí amọ̀ wọn ṣì rọ̀. Frank Willett kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní 1962. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ fi ṣùkù náà jẹ́rìí pé àgbàdo ti dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú 1492, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Nítorí náà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ alágbàdo kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju 500 ọdún lọ. Ọtí ọkà bàbà ṣáájú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

A ó rẹ àgbàdo sínú omi, a ó fi ewé bò ó títí yóò fi hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Àjèjì lè rò pé ọtí tí ó kan ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bíà òyìnbó, àrùn ni kíkan jẹ́ lóòótọ́: Louis Pasteur fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1876 pé àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n sì yàtọ̀ sí ìwúkàrà, ni ń ba bíà jẹ́. Nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ẹ̀yà wọn tí ń mú wàrà kan a máa bá ìwúkàrà ṣiṣẹ́ pọ̀. Kíkan náà ni kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn aṣebi rí àyè.

Nítorí náà, kì í ṣe kíkan ni apọntí ń wò bí kò ṣe irú kíkan náà. Èyí tí ó ń hó, tí òórùn rẹ̀ sì dàbí ti ògì, ó dára. Bí ó bá le gan-an, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kò sì tíì di májèlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fà bí ọbẹ̀ ilá, tàbí tí ojú rẹ̀ bu, dídà nù ló tọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ dun oníṣòwò.

Ibì kan wà tí ahọ́n kò lè dé. Ní 1960, bí 100,000 tòlótòló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó bu. Ìwádìí ikú wọn ni ó fi aflatoxin hàn, májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí ó sì máa ń wà nínú àgbàdo tí ó bu pẹ̀lú. A kò lè fi imú tàbí ẹnu mọ̀ ọ́n, sísè kò sì pa á run. Ọ̀rinrin tí ń mú àgbàdo hù náà ni ń mú kí ó bu. Orí ẹní ni a ti ní láti ṣa hóró tí ó bu kúrò, kí a tó rẹ ẹ́ àti lẹ́yìn tí ó bá hù. Sísá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pẹ́, pàápàá ní àkókò òjò, nígbà tí oòrùn Ifẹ̀ kì í ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.