Àríyànjiyàn lórí Ìdámọ̀ Benitoite ní Kalifóníà, 1907–1909

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti sọ ìtàn benitoite ni ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé rírí òkúta àti dídá a mọ̀ jẹ́ ohun kan náà. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1907, àwọn tí ń wá kùsà kiri ní agbègbè orísun odò San Benito, ní Kalifóníà, bá òkúta aláwọ̀ búlúù kan pàdé. Àwọn àkọsílẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i: àwọn kan dárúkọ Hawkins àti Sanders, àwọn mìíràn James Couch. Níwọ̀n bí ọ̀ràn owó ti wà nínú rẹ̀, èyí kò yani lẹ́nu. Ohun tí ó dájú ni pé sáfírè ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́.

Àṣìṣe náà kì í ṣe ti òpè, nítorí búlúù sáfírè ni búlúù rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àmì tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó ẹni tí ó wà lórí òkè náà gan-an. Líle sáfírè jẹ́ 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs. Ti benitoite kò ju 6.5 lọ, tí ó fi jẹ́ pé quartz lásán yóò ha á lára. Onígun mẹ́ta ni ó sábà máa ń rí. Bí ènìyàn bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, yóò dúdú ní búlúù láti ìhà kan, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ láti ìhà mìíràn. Pabanbarì rẹ̀ ni àwọn tí ó bá kẹ́gbẹ́: natrolite funfun tí ó bò ó mọ́lẹ̀, àti neptunite dúdú. Sáfírè kì í bá irú àwọn wọ̀nyí gbé. (Àwọn awakùsà kọ́kọ́ ń fi òòlù fọ́ natrolite náà, wọ́n sì ń fọ́ òkúta iyebíye mọ́ ọn, ásíìdì ni wọ́n padà fi ń yọ́ ọ kúrò.)

Eacret, ti ilé-iṣẹ́ Shreve tí ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní San Francisco, ni ó gbé e tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n George Louderback lọ ní Yunifásítì Kalifóníà. Louderback sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún náà. Blasdale tú u wò, ó sì bá barium, titanium àti silica nínú rẹ̀. Hessel ará Jámánì ti ṣírò rẹ̀ ní 1830 pé ìsọ̀rí 32 ni ìrísí kírísítálì lè ní. Benitoite ni kùsà àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó wà nínú ọ̀kan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n Louderback kan náà sọ òkúta dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní carlosite ní 1907, bí kùsà tuntun. Nígbà tí ó fi di 1909, ó ti gbà pé neptunite ni, èyí tí wọ́n ti mọ̀ láti Greenland láti 1893. Àwọn tí ń yin iṣẹ́ rẹ̀ a máa fo ibí yìí. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé awakùsà ṣì í, tí ọ̀mọ̀wé sì mọ̀ ọ́n: àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà, ọ̀kan sì kọ àtúnṣe tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1930 ni Zachariasen fi hàn bí silicon àti oxygen inú rẹ̀ ṣe so kọ́ra ní òrùka mẹ́ta-mẹ́ta. Lóde òní, fìtílà ultraviolet ni àwọn tí ń wá a ń gbé lọ lóru. Búlúù ni yóò máa tàn lábẹ́ rẹ̀.