Fọ́tò Ìlú Lálẹ́ àti Ìṣètò Kámẹ́rà

Fọ́tò ìlú lálẹ́ ni àwòrán tí a fi kámẹ́rà yà lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, tó jẹ́ pé iná títì, iná ilé gogoro, iná ọkọ̀ àti ti pátákó ìpolówó ni ayàwòrán gbójú lé. Ó yàtọ̀ sí fọ́tò ìràwọ̀ tàbí ti oko. Lóko, òkùnkùn ni à ń bá jà. Ní ìgboro tí iná ti mọ́lẹ̀ yanran, iná gan-an ni. Ojú ènìyàn lè rí gílóòbù àti ògiri tó ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa pọ̀, ṣùgbọ́n agbára kámẹ́rà kì í fi bẹ́ẹ̀ ká méjèèjì. Ibi tí iná bá ti fọ́ funfun nínú fọ́tò, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí yọ níbẹ̀ mọ́, nígbà tí ibi tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé mú mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, iná ni à ń dáàbò bò nínú iṣẹ́ yìí. A kì í bẹ̀rù òkùnkùn.

Ìtàn ní ṣókí

Ní nǹkan bí ọdún 1896, ayàwòrán Paul Martin gbé kámẹ́rà jáde sí ìgboro London láti ya títì tí iná gáàsì ń tàn sí. Ní Paris, ayàwòrán Brassaï gbé ìwé fọ́tò rẹ̀, Paris de nuit, jáde ní 1933. Ìlú Brassó ni wọ́n ti bí i, èyí tó wà ní Romania lónìí. Sìgá ni Brassaï sọ pé òun fi ń ka àkókò: bí ìmọ́lẹ̀ bá tó, a ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ títí Gauloise kan yóò fi jó tán, bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn jù, a mu Boyard, tó máa ń pẹ́ kó tó tán. Títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wà lára ohun tó máa ń yà, torí pé ilẹ̀ tó tutù a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó ṣe kókó

Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lágbára tó), ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì (f/, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe kéré tó), àti iye àkókò tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà, fi wà ní ṣíṣí. Bí a bá sọ ISO di ìlọ́po méjì, àkókò á dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì wínníwínní.

Fún ilé gogoro tí a ń wò láti òkèèrè, ISO 100, f/8 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Ibi tí iná pọ̀ bíi Times Square ní New York, 1/4 ìṣẹ́jú àáyá ti tó pẹ̀lú ISO àti ihò kan náà. Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ gbé kámẹ́rà ya àwọn tó ń rìn kọjá níbẹ̀ lè lo ISO 800, f/2.8 àti 1/250. Ní àdúgbò tí iná rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ISO 1600, f/2.8 àti 1/60 ló bá a mu.

Òṣùwọ̀n inú kámẹ́rà kì í ṣe ẹni tí à ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tán. Ó máa ń fẹ́ sọ ohun gbogbo di àwọ̀ eérú. Bó bá rí ojú ọ̀run dúdú, á rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, á fi kún àkókò, gbogbo pátákó ìpolówó á sì di funfun báláú. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yí bọ́tìnnì tó ní àmì + àti − sí −1 tàbí −2.

Àwọ̀ iná àti iná tí ń ṣẹ́jú

Iná sodium máa ń pọ́n, ìwọ̀n àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2000 K (Kelvin). Ọ̀pọ̀ iná LED funfun jù ú lọ dáadáa. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, white balance (ìṣètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà) láàárín 3200 K sí 4000 K kì í jẹ́ kí ìlú ó pọ́n jù. Yíyà ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ń fúnni láyè àtúnṣe lẹ́yìn náà.

Iná mànàmáná Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣọ́tà tó bá yá jù á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń di ojú, ìlà dúdú á sì fa fọ́tò kọjá. 1/50 tàbí 1/100 ń yanjú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí

Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí afárá yìí ní Èkó. Etí ọ̀sà ló dára kí a gbé tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé) kalẹ̀ sí, nítorí afárá a máa mì nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni ọ̀run fi máa ń ní àwọ̀ búlúù níbẹ̀. Ní London lóṣù Okúdù, ó máa ń ju 40 lọ. Bí ṣọ́tà bá wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, iná ọkọ̀ á di ìlà pupa àti funfun. Bí a bá dín ihò kù sí f/11 tàbí f/16, gílóòbù á yọ ìtànṣán bí ìràwọ̀: lẹ́ńsì tí abẹ 8 yí ihò rẹ̀ ká á yọ 8, èyí tó ní 7 á yọ 14.

Fóònù

Google gbé Night Sight jáde ní 2018, Apple sì fi Night mode sí iPhone 11 ní 2019. Àwọn méjèèjì ń ya fọ́tò púpọ̀ léraléra, wọ́n á sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Bí a bá gbé fóònù ti nǹkan, ó máa ń dára ju èyí tí a fi ọwọ́ gbé lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, kó kọ́kọ́ ra tripod. Kámẹ́rà pọ́ọ́kú tó dúró gbọn-in ní ISO 100 yóò ya ìlú lálẹ́ dáa ju olówó gọbọi tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ lọ.