Orúkọ Ẹ̀dá-Ìtàn àti Ọdún Ìtàn: Ìtàn-Àròsọ Nípa Ogun Nupe ní Ilẹ̀ Kàbà

Òǹkọ̀wé tó fẹ́ kọ ìtàn-àròsọ nípa ogun Nupe ní ilẹ̀ Owé, ìyẹn ilẹ̀ Kàbà, a máa wádìí ohun ìjà, aṣọ àti oúnjẹ ayé ìgbà náà. Orúkọ ni kì í sábà wádìí, bẹ́ẹ̀ orúkọ ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí ọdún fún òǹkàwé ìhà Kàbà.

Ẹ wo ayé Etsu Masaba, ọba Nupe ní Bídà (1859–1873), nígbà tí ogun Bídà ń kó ènìyàn ní Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú àti Owé. Ẹni tó gbé ayé nígbà náà kò ní pe ara rẹ̀ ní ọmọ Òkun. Ìkíni ni Òkun lẹ́nu wọn; ọ̀rúndún ogún ló tó di orúkọ tó kó gbogbo wọn pọ̀. Owé ni yóò pe ara rẹ̀, tàbí kó dárúkọ ìlú baba rẹ̀.

Orúkọ àmútọ̀runwá ni kì í dójú tini: Àìná, Òjó, Ìgè. Bí ọmọ ṣe wáyé ló sọ wọ́n. Àjàyí ni Adébáyọ̀ Fálétí sọ akọni inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969), ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọmọ babaláwo Yàgbà ọdún 1850 ní Olúwaṣeun ti gbé ṣọ́ọ̀ṣì ṣíwájú àkókò rẹ̀. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ìjọ SIM, tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ní ti olóyè, Ọbaró, Ọbadọ̀fin tàbí Ọbajẹmu ti tó pè é. Orúkọ àbísọ kò yá lẹ́nu ará ìlú mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Ọmọ Yàgbà ni James Thomas. Wọ́n kó o lẹ́rú, ó di òmìnira ní Sàró (Sierra Leone), ó sì padà wá sí ìpàdé odò Ọya àti Bẹ́núé láti ṣiṣẹ́ fún ìjọ míṣọ́nnárì CMS ní Gbẹ̀bẹ̀. Orúkọ òyìnbó yìí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Òǹkọ̀wé tó bá fi irú rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe gbọ́dọ̀ wá orúkọ ilé fún un.

Ibi tí a ti lè wá irú orúkọ ilé bẹ́ẹ̀ wà. Nínú Polyglotta Africana (1854), Koelle onímọ̀ èdè kọ ọ̀rọ̀ Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó bá ní Freetown, ó sì kọ orúkọ ilé àwọn tó fi èdè hàn án mọ́ orúkọ òyìnbó wọn. Ìwé àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ní Freetown àti Havana ní orúkọ tó lé ní 91,000, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè ló fetí kọ ọ̀pọ̀ wọn. Ó yẹ ká pè wọ́n sókè létí àgbà Kàbà kí a tó fi àmì ohùn sí wọn.

Èmi fara mọ́ ọn pé kí asọ̀tàn máa fi orúkọ ilé pe ẹrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwé, kí ó fi orúkọ tuntun sẹ́nu àwọn tó mú un nìkan.