Ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun: Ẹ̀ṣọ́ Tí Ó Yẹ Olùfẹ́ Ìmọ̀ Kẹ́mísírì

Ní òde òní, ẹ̀ṣọ́ kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń ta olùfẹ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì lọ́rẹ: ẹ̀gbà ọrùn fàdákà tàbí wúrà tí a rọ ní àwòrán mólékù. Ọ̀kan nínú wọn ni ti kaféìnì, èròjà tí ń bẹ nínú kọfí àti nínú obì tí a ń pa nílé wa. Ẹ̀bùn dáradára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó jẹ́ pé ìmọ̀ kẹ́mísírì gan-an ni ó bí i, tí ìmọ̀ kan náà sì tún padà wá jẹ́rìí gbè é nígbà tí ayé ń ṣiyèméjì nípa ẹni tí ó ni ín. Ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń wí.

Igbó Olókun wà ní apá àríwá Ilé-Ifẹ̀. Olókun ni òrìṣà òkun àti ọrọ̀. Abájọ tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ sí nínú ilẹ̀. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wú ilẹ̀ ibẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì rí ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì yíyọ́ lẹ̀ mọ́ nínú. Ó yin iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbà pé àwọn baba ńlá wa ni ó dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀làjú Gíríìkì àtijọ́ ni, pé àṣẹ́kù Atlantis ni Ifẹ̀.

Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e kò ka Atlantis sí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé gíláàsì tí a kó ti òkèèrè wá ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré o. Ẹni tí ó ń yọ́ gíláàsì ẹlòmíràn àti ẹni tí ó ń dá gíláàsì láti inú iyanrìn kò ní orúkọ kan náà nínú ìtàn.

Kí wá ni a ó fi mọ òtítọ́? Gíláàsì kì í purọ́ nípa ohun tí a fi ṣe é. Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren tẹ àyẹ̀wò wọn jáde: kálísíọ́mù àti alumíníọ́mù inú gíláàsì Ifẹ̀ pọ̀ jọjọ, ní irú ọ̀nà tí kò bá gíláàsì Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Lẹ́yìn wọn ni Abidemi Babatunde Babalola tún wú Igbó Olókun, tí ó sì tẹ ìròyìn jáde ní ọdún 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rí lé ní 12,000. Àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì lé ní 800. Iṣẹ́ náà wáyé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ wo ọgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí! Wọ́n mọ iyanrìn tí iná lè sọ di gíláàsì; wọ́n mọ amọ̀ tí yóò fara da iná náà. Kóbáàtì díẹ̀ ni ó fún ìlẹ̀kẹ̀ ní àwọ̀ aró. Wọ́n fa gíláàsì gbígbóná gùn bí okùn tí ó níhò láàárín, wọ́n sì gé e wẹ́wẹ́. Irú gíláàsì yìí kan náà ni a ti rí ní Gao àti Essouk ní ilẹ̀ Mali, èyí tí ó fi hàn pé ọjà rẹ̀ rìn jìnnà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ta olùfẹ́ kẹ́mísírì lọ́rẹ, ẹ ra ẹ̀gbà mólékù fún un bí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàìsọ ìtàn Igbó Olókun fún un. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó pẹ́ tí a ti ń fi ìyìn ìlẹ̀kẹ̀ yìí sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó tó gẹ́ẹ́.