Ọmọṣẹ́ Tó Di Honda

Gbogbo wa la mọ máṣínnì Honda. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ni orúkọ yẹn.

Ọdún 1906 ni wọ́n bí Soichiro Honda ní Japan. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ní 1922, ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo. Ilẹ̀ gbígbá àti ọmọ ọ̀gá pípọ̀n ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sá lọ. Ní 1923, ilẹ̀ mì tìtì, iná jó ṣọ́ọ̀bù; ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ padà sílé, òun dúró. Ní 1928, ọ̀gá yọ̀ǹda rẹ̀ pé kó lọ ṣí ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù náà ní Hamamatsu.

Nígbà tó fẹ́ máa ṣe ríìngì písítìn, ó padà lọ jókòó ní kíláàsì. Síbẹ̀, nínú 50 tó kó lọ fún Toyota, 3 péré ló yege. Ó tún lọ kọ́ sí i. Ogun ba ilé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ní 1946, ó mú ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ṣọ́jà fi ń gbé iná fún rédíò, ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní 1948, ó dá kọ́ńpìnnì Honda sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní wọ́n ń rán òun níṣẹ́ jù, ẹ má tètè mú un kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹni tó bá sìn yín tọkàntọkàn, tí àsìkò rẹ̀ sì pé, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ bó ti yẹ.