ỌPỌ́N AYÒ ÀTI OGUN Ọ̀YỌ́: BÍ A ṢE LÈ FI ERÉ ORÍ PÁTÁKÓ WÁDÌÍ ÌTÀN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yìí ni à ń pè ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà wo ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn a gbọ́ ọ lẹ́nu arọ́kin, ẹlòmíràn a kà á nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan sì wà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, tí wọ́n á to ọmọ ogun sí i, tí wọ́n á sì tún ogun àtijọ́ jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni àròkọ yìí dá lé. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: bí a bá fẹ́ gbé ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, tí ó sì sọ Ògbómọ̀ṣọ́ di ìlú ńlá, ka orí irú pátákó bẹ́ẹ̀, báwo ni kí a ṣe é tí a kò fi ní parọ́ mọ́ àwọn baba ńlá wa?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí eré náà ti wá. Ní ọdún 1812, ìjòyè ará Prussia kan tí ń jẹ́ Georg Leopold von Reisswitz gbé eré ogun kan lọ han ọba rẹ̀. Ní 1824, ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gágun, tẹ òfin eré náà jáde lọ́nà tí ó sàn ju ti ìṣáájú, àwọn ọ̀gágun Prussia sì bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ́ iṣẹ́. Àwòrán ilẹ̀ gidi ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń ju dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ohun tí oríire tàbí oríburúkú yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni eré náà bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Ní 1954, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Charles S. Roberts, ṣe èyí tí ó pè ní Tactics; ní 1958, ilé iṣẹ́ rẹ̀, Avalon Hill, gbé Gettysburg jáde, tí ó dá lórí ìjà kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà ní 1863. Láti ìgbà náà ni irú rẹ̀ ti pọ̀. Nínú àpótí kan ni ẹni tí ó bá rà á yóò ti bá àwòrán ilẹ̀ tí a pín sí ojú kéékèèké bí afárá oyin, ègé páálí tí a kọ agbára àti ìrìn ọmọ ogun sí lára, àti ìwé òfin.

Kí ni ó wá kan onítàn nínú èyí? Ohun tí ó kàn án ni pé ẹni tí ń ṣe irú eré yìí kò ráyè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń kọ ìwé lè sọ pé “láìpẹ́, ogun dé ẹnu odi,” kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ń ṣe eré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye ọjọ́ tí ogun fi rìn, oúnjẹ tí wọ́n jẹ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó pàṣẹ, àti ẹni tí ó lè kọ̀ láti gbọ́ àṣẹ náà. Láti Ọ̀yọ́ òní dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìka tọ ọ̀nà yìí lórí àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn méjèèjì, yóò sì yé e kíákíá ìdí tí ọ̀rọ̀ ogun kò fi yẹ̀ lórí ìlú náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá yẹ ìtàn náà wò. Orísun rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé náà ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù ní ìlú òyìnbó; ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, ni ó tún un tò, kí ó tó jáde ní 1921. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, òfin kan wà tí ó de Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò: ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ lọ sí ogun tí ọba bá rán an, láàárín oṣù mẹ́ta ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé. Òfin yìí dà bí òfin eré fúnra rẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Aólẹ̀ sì fẹ́ mú Àfọ̀njá kúrò lọ́nà, òfin yìí gan-an ni ó fi ṣe pańpẹ́: ó rán an sí Ìwéré Ilé, ìlú tí kò rọrùn láti kó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kọ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba pé kí ó kú.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí òǹkàwé. Àfọ̀njá dá Ìlọrin dúró gẹ́gẹ́ bí ìlú olómìnira, ó pe Alímì Fúlàní sí ọ̀dọ̀, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jọ kó jọ ni wọ́n sì wá pa á ní nǹkan bí 1824. Tóyèjẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó jẹ́ Kakaǹfò lẹ́yìn rẹ̀, kó ogun lọ láti gba Ìlọrin padà. Wọ́n pàdé ní Ògèlé, ogun Yorùbá sì fọ́. Wọ́n tún gbìyànjú pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn Tápà, èyí sì ni ogun tí à ń pè ní Mùgbámùgbà, nítorí pé oko ti di ahoro, èso igbá inú igbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ. Ní nǹkan bí 1835 sí 1836, Aláàfin Olúewu pẹ̀lú àwọn Bàrìbá tún dojú kọ Ìlọrin nínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀; ibẹ̀ ni ọba náà kú sí, Ọ̀yọ́ Ilé sì tú.

Níhìn-ín ni eré ti àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. Nínú Gettysburg, àwọ̀ búlúù ni ọmọ ogun ìhà kan, àwọ̀ mìíràn ni ti ìhà kejì, èyí tí ó bá sì jẹ́ tìrẹ láàárọ̀ yóò jẹ́ tìrẹ títí di alẹ́. Bí a bá fẹ́ ṣe ogun Ọ̀yọ́ báyìí, àwọ̀ wo ni kí a kun Àfọ̀njá? Ààrẹ Ọba ni, òun náà sì ni ọ̀tá Ọba. Àwọ̀ wo ni ti Ṣólàgbẹ́rú, ọmọ Yorùbá tí ó ran Ìlọrin lọ́wọ́ ní Ògèlé, tí àwọn tí ó ràn lọ́wọ́ sì pa á nígbẹ̀yìn? Johnson sọ pé lójú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ pàápàá, àwọn kan nínú àwọn olórí ogun Yorùbá ti bá ara wọn dìtẹ̀ pé àwọn kò ní jà tọkàntọkàn fún Olúewu. Eré tí ó bá fi gbogbo ọmọ ogun Ọ̀yọ́ sábẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ti parọ́ kí wọ́n tó ju dáìsì àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tí ó pa Ọ̀yọ́ Ilé gan-an ni pé ọmọ ogun kò sí lábẹ́ ọwọ́ ẹnì kan mọ́.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní pátákó tiwa. Ọpọ́n ayò ní ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ayò kò ní àwọ̀. Èyí tí ó wà nílé mi nísinsìnyí yóò wà nílé rẹ láìpẹ́, bóyá yóò sì tún padà. Kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ọmọ kan pé tèmi ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ń dù kì í ṣe ilẹ̀. Ojú ọpọ́n kò ní kúrò níbi tí ó wà. Ọmọ ni wọ́n ń dù.

Bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ pọ̀, ènìyàn ni ó ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí Àtìbà jókòó sí Àgọ́ Ọ̀jà ní nǹkan bí 1837, tí ó sì sọ ibẹ̀ di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, kì í ṣe odi ni ó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ìlú ọba bí kò ṣe ènìyàn tí ó kó wọ inú rẹ̀ láti àwọn ìlú àyíká; orúkọ àdúgbò bí Àkẹ̀ẹ̀tàn àti Apáàrà ṣì ń jẹ́rìí sí i. Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, bí àwọn ìlú tí ó yí i ká ti ń tú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọn ń sá wọ inú odi Ṣọ̀ún. Ojú kan ṣófo, ojú kejì kún.

Àwọn nǹkan méjì mìíràn ni a gbọ́dọ̀ fi sí i. Èkínní ni ẹṣin. Agbára Ọ̀yọ́ Ilé wà lára ẹlẹ́ṣin, òkè ọya ni ẹṣin sì ti ń wá. Nígbà tí Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n ti dúró lé ọ̀nà ẹṣin lórí. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò wúlò bákan náà níbi gbogbo. Bí a bá ti ń sún mọ́ igbó ni igi ń dí i lọ́nà, tí eṣinṣin tí ń fa àrùn sì ń pa á. Ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, ogun Ìbàdàn tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ṣe olórí rẹ̀ fọ́ ogun Ìlọrin, òru ni wọ́n sì lò láti sọ ẹṣin wọn di ohun tí kò wúlò. Èkejì ni ìgbà ọdún: ẹ̀ẹ̀rùn ni ogun ń rìn, òjò ni àgbẹ̀ ń fẹ́, ọwọ́ kan náà ni ó sì ń di ọfà mú tí ó ń di ọkọ́ mú.

A kò gbọdọ̀ gbójú fo àtakò kan. Ẹnìkan lè sọ pé ìyà kì í ṣe eré, àti pé ẹni tí ó bá sọ ọmọ ayò di ẹrú ti fi egungun baba ẹni ṣeré. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1821, wọ́n kó ọmọdé kan ní Òṣogùn, kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ọmọ náà ni Àjàyí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther. Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí a mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ọkọ̀ kó dé Bàhíà àti Kúbà kò lóǹkà.

Èsì mi ni pé eré tí ó yẹ kí á bẹ̀rù ni èyí tí kò ka àwọn ènìyàn wọ̀nyí rárá, tí ó ń ka kìkì odi tí a wó àti ọ̀gágun tí ó borí. Nínú ayò, ohun tí a jẹ kò padà sórí ọpọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí eré wa ní òfin pé igbá kan yóò wà láàárín àwọn tí ń ta á, níbi tí ojú gbogbo wọn tó o, inú rẹ̀ ni ọmọ tí a bá jẹ yóò máa bọ́ sí. Ọmọ náà yóò ra ìbọn tàbí ẹṣin fún ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí igbá náà bá ti ń kún, bẹ́ẹ̀ ni ìkórè gbogbo ojú ọpọ́n yóò máa dín kù, ti ẹni tí ó ń borí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá jẹun láìwẹ̀yìn yóò bá ara rẹ̀ nínú Mùgbámùgbà. Kódà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ta ayò, òfin kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, o gbọ́dọ̀ fún un ní ọmọ bí o bá lè ṣe é. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n lórí ọpọ́n pé eré kò sí mọ́ bí ẹnìkejì bá tán.

Àǹfààní kejì tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé èpè Aólẹ̀ ni ó tú Ọ̀yọ́ ká, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí agbára èpè. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jókòó sípò Tóyèjẹ, tí ó rí i pé òun kò lè ṣẹ́gun àyàfi bí àwọn baálẹ̀ bá gbọ́ràn, tí ó tún rí i pé àwọn baálẹ̀ ń bẹ̀rù Aláàfin ju bí wọ́n ti ń bẹ̀rù Ìlọrin lọ, yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìpinnu ni àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe, àti pé wọ́n lè ṣe òmíràn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kádàrá àti àṣìṣe nìyí, ìlú tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ náà kò lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìṣubú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò gba owó ńlá. Láti 1969 ni ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan, Strategy & Tactics, ti ń fi odindi eré kan sínú ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún àwọn òǹkàwé; ohun tí ìwé ìròyìn lè ṣe níbẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é níhìn-ín. Ìwé Ajayi àti Smith lórí ogun jíjà Yorùbá, tí ó jáde ní 1964, wà fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń to ogun àti irú ohun ìjà tí wọ́n ń lò. Olùkọ́ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lè ní kí àwọn ọmọ kíláàsì béèrè nílé pé ìlú wo ni ìdílé wọn ti sá wá. Ìdáhùn wọn ni a ó fi to ọpọ́n náà. Páálí, ọmọ ayò 48, àti igbá kan ni ó kù.